Ọjọ́ Tí Màmá Ìgbògbò Kọ̀ Láti Jókòó

Ní ọ̀sẹ̀ tí ìyá bàbá mi kú, díẹ̀ ló kù kí èmi àti Bọ̀dá Múfú, àbúrò bàbá mi, jà. Wọ́n ti kọ ìwé kan tó gùn bí ọ̀nà Ìtòìkín, wọ́n fẹ́ kí a kà á níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Gbogbo ilé ẹ̀kọ́ tí Màmá lọ wà níbẹ̀, gbogbo ibi tí wọ́n ti ṣe tíṣà, ọdún tí wọ́n di ọ̀gá àgbà, ọdún tí wọ́n fẹ̀yìn tì. Mo kà á tán, mo ní, "Bọ̀dá, ọ̀rọ̀ ta lẹ ń sọ níbí?" Inú bí wọn. Wọ́n ká ìwé náà lọ́wọ́, wọ́n ní, "Ó dáa. Ìwọ wá kọ tìrẹ."

Tèmi nìyí.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Màmá Ìgbògbò. Inú ẹ́sítéètì kan n'Íkòròdú ni àwọn òbí mi ń gbé, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń jáde lọ síbi iṣẹ́ l'Ékòó kí ilẹ̀ tó mọ́, ilẹ̀ á sì ti ṣú kí wọ́n tó dé. Ni wọ́n bá ní kí n máa gbé lọ́dọ̀ ìyá bàbá mi. Ìgbà yẹn ni fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ aráyé. Màmá ga, wọ́n gbẹ, wọ́n máa ń dé gèlè wọn ṣinṣin bí ẹni tó ń lọ síbi ìjà, ohùn wọn kò sì nílò fóònù kankan.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo kọ́ nínú ilé náà ni pé a kì í bá ọmọ wí láìjẹ́ pé ẹnì kan dúró tì í. Ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn kàn gbọ́dọ̀ yan ẹni tó máa gbẹnu sọ fún un. Bí kò bá rí ẹni yàn, Màmá á ní kí gbogbo wa dúró títí yóò fi rí i. Lọ́jọ́ kan, ẹja kan dínkù nínú ìkòkò, èmi ni wọ́n sì bá nítòsí ààrò. Mo yan Wàídì, ọmọ Bọ̀dá Múfú, pé kó gbà mí sílẹ̀. Wàídì dìde, ó tún ṣòkòtò rẹ̀ ṣe, ó ní, "Màmá, ẹ̀rí wà pé kì í ṣe Àṣàkẹ́. Àṣàkẹ́ kì í jẹ orí ẹja, orí ẹja ló sì sọnù."

Màmá wò ó títí. Wọ́n ní, "Ta ló sọ fún ọ pé orí ni?"

Kò sí ẹni tó tíì ṣí ìkòkò náà yàtọ̀ sí Màmá. Wàídì wolẹ̀, ó wòkè. Ẹ̀rín pa Màmá débi pé wọ́n fi etí ìró nu ojú. Wọ́n ní, "Lọ́yà tó bá mọ ẹjọ́ jù báyìí, ẹ gbóòórùn ọwọ́ rẹ̀ wò."

Ewúrẹ́ pàápàá rí ẹ̀tọ́ gbà nínú ilé yẹn. Aládùúgbò wa kan, Ìyá Súbè, wọlé wá tìbínú-tìbínú pé ewúrẹ́ Màmá ti jẹ láfún tí òun sá. Màmá fún wọn lómi mu, wọ́n ní àwọn máa san án. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yíjú sí wa. "Ta ló máa sọ̀rọ̀ fún ewúrẹ́?" Mo dìde. Mo ní ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n sá láfún náà sí, pé ewúrẹ́ kò mọ̀wé, kò sì sí ẹni tó sọ fún un pé láfún ẹlòmíràn ni. Ìyá Súbè gan-an bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n lọ tán, Màmá ní, "O rí i? Láfún náà la ó san. Ṣùgbọ́n a ti gbọ́ tẹnu ewúrẹ́."

Kóòtù ló kọ́ wọn ní gbogbo èyí, àbí kí n sọ pé àìsí rẹ̀ ní kóòtù ló kọ́ wọn. Lẹ́yìn tí Màmá fẹ̀yìn tì, ìjọba yàn wọ́n sí kóòtù ọmọdé. Kóòtù ọmọdé ìgbà náà kì í ṣe ti adájọ́ nìkan. Adájọ́ á wà láàárín, aráàlú méjì á wà lọ́tùn-ún àti lósì rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì gbọ́dọ̀ jẹ́ obìnrin. Bí ẹnì kan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá sí níjòókòó, wọn ò lè gbọ́ ẹjọ́ kankan. Màmá ni obìnrin yẹn. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n máa ń jókòó, ní kóòtù kékeré kan lápá Ẹ̀pẹ́. Mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ṣì wà láyé.

Láti Ìgbògbò, ọ̀kadà ni Màmá máa ń gùn jáde sí Ìkòròdú kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́. Ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n ń jókòó sí lórí ọ̀kadà, báàgì dúdú lórí itan, agboòrùn lọ́wọ́, wọ́n á sì máa fi agboòrùn náà tọ́ka gbogbo kòtò tó wà lọ́nà fún ọlọ́kadà. Ọlọ́kadà kan tó máa ń gbé wọn sọ fún mi pé, "Tí mo bá gbé Màmá yín, ó máa ń ṣe mí bí ẹni tó wọ ilé ìdánwò." Mo lọ jíṣẹ́ fún Màmá. Wọn ò rẹ́rìn-ín rárá. Wọ́n ní, "Ó ń gbìyànjú. Sọ fún un kó máa wo ọwọ́ òsì."

Ìwé ò pọ̀ nínú báàgì dúdú yẹn. Búrẹ́dì ló wà níbẹ̀, ẹ̀pà, ọ̀gẹ̀dẹ̀, àti omi inú ọ̀rá. Láàárọ̀ ni wọ́n ti máa ń kó àwọn ọmọ wá sí kóòtù, wọ́n á sì jókòó sórí bẹ́ńṣì títí ọ̀sán, òmíràn nínú wọn kò tíì fẹnu kan nǹkan láti ọjọ́ tó kọjá. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í pín búrẹ́dì fún wọn. Akọ̀wé kóòtù pè wọ́n sí kọ̀rọ̀, ó ní kò bójú mu kí ẹni tó máa dájọ́ máa bọ́ ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, àwọn èèyàn á ní ó ń gbè sẹ́yìn wọn. Màmá ní òótọ́ lọ̀rọ̀ rẹ̀. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, wọ́n ń fún olùpẹ̀jọ́ ní búrẹ́dì, wọ́n ń fún ọlọ́pàá, wọ́n sì ń fún akọ̀wé náà fúnra rẹ̀. Nígbà tí mo bi wọ́n ìdí tí wọn ò fi jáwọ́, wọ́n ní, "Ọmọ tí ebi ń pa á jẹ́wọ́ ohun tí kò ṣe, kí wọ́n ṣáà lè tètè fi í sílẹ̀."

Ní àsìkò ọlidé, mo máa ń bá wọn lọ. Wọn kì í jẹ́ kí ẹni tí ọ̀rọ̀ ò kàn wọ kóòtù ọmọdé, nítorí náà, ìta lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ni mo máa ń jókòó sí. Fèrèsé onígíláàsì pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ ni, ó sì ti fọ́ níbi méjì, ohun gbogbo ló ń jáde síta. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ẹjọ́ bàbá kan tó mú ọmọ rẹ̀ obìnrin wá pé apá òun ò ká a mọ́, kí ìjọba gbà á lọ́wọ́ òun. Nígbà yẹn, òbí lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ títí, ó ní ọmọ náà kì í tètè wálé, kì í sì í dáhùn bí a bá bá a sọ̀rọ̀.

Màmá ní, "Bàbá, ẹ kú wàhálà. Kíláàsì kelòó lọmọ wà?"

Ọkùnrin náà gbójú sókè. "Kíláàsì... ó ti ga díẹ̀."

"Ta lọ̀rẹ́ rẹ̀?"

"Wọ́n pọ̀, mà."

"Oúnjẹ wo ló fẹ́ràn?"

Inú ọkùnrin náà dùn, ó ti rí èyí tó mọ̀. "Ẹ̀bà!"

Ọmọbìnrin náà sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ níbi tó wà: "Mi ò kì í jẹ ẹ̀bà."

Adájọ́ sún ẹjọ́ náà síwájú, ó ní kí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìtọ́jú ọmọ lọ wo ilé wọn ná. Bí wọ́n ti ń jáde, mo gbọ́ tí Màmá ń sọ fún bàbá náà jẹ́jẹ́, bí ìyá tó ń bá ọmọ sọ̀rọ̀: "Apá yín ò tíì kàn án rárá, kí ẹ tó wá sọ pé kò ká a."

Kì í ṣe gbogbo ìtàn Màmá ló ní ẹ̀rín nínú. Èyí tí kò ní, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n sọ ọ́ fún mi, níbi tí a ti ń ṣẹ́ ẹ̀fọ́. Ní ọdún àkọ́kọ́ wọn ní kóòtù, wọ́n kó ọmọ mẹ́ta wá láàárọ̀ ọjọ́ kan. Kò sí lọ́yà, kò sí òbí. Wọ́n ka ẹ̀sùn, wọ́n bi ọmọ bóyá ó ṣe é, ọmọ mirí, ó parí. Kí omi ẹ̀kọ tó hó, wọ́n ti ní kí wọ́n kó àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ sófin, ó jìn gan-an. Bí ọ̀kan nínú wọn ti dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà sí Màmá, ó ní, "Màmá, ṣé ẹ máa bá mi sọ ibi tí wọ́n ń gbé mi lọ fún ìyá mi?" Màmá rò pé ẹnì kan á sọ. Lẹ́yìn oṣù méjì ni wọ́n gbọ́ pé obìnrin kan ń ti àgọ́ ọlọ́pàá kan bọ́ sí òmíràn, tó ń bèèrè ọmọ rẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ fún un. Màmá fúnra wọn ló wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí abúlé obìnrin náà létí ọ̀sà, tí wọ́n sì mú un lọ síbi tí ọmọ wà. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ tán, wọ́n na ọwọ́ wọn sí mi, ẹ̀fọ́ ṣì wà nínú rẹ̀. "Mo fọwọ́ sí ìwé náà, Àṣàkẹ́. Ọwọ́ mi yìí."

Mo rò pé ibẹ̀ ni ohun tí wọ́n ṣe ní ọdún kejì ti bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ tí ọ̀rọ̀ náà kàn, màá pè é ní Sìdí, kì í ṣe orúkọ rẹ̀ nìyẹn. Ọmọbìnrin ni, ọmọ ọdún méjìlá, ó tín-ín-rín bí ọ̀pá ìwọ̀. Ọ̀dọ̀ obìnrin kan tó ń fi ẹ̀rọ lọ ata ló ń gbé, òun ló sì máa ń ti ṣọ́ọ̀bù ní ìrọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ṣílẹ̀kùn, wọn ò bá orí ẹ̀rọ ìlọta mọ́, ìyẹn irin ńlá tí ata ń gbà kọjá. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, wọ́n rí i lẹ́yìn ilé ọkùnrin kan tó ń ra irin àlòkù. Ọkùnrin náà ti sá lọ. Wọ́n mú Sìdí. Nínú ìwé tí wọ́n gbé wá sí kóòtù, ó wà níbẹ̀ pé Sìdí gbà pé òun nìkan lòun gbé irin náà láti ṣọ́ọ̀bù dé ọ̀dọ̀ oníirin. Wọ́n ti tẹ ìka rẹ̀ sí i.

Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Adájọ́ wọlé, gbogbo èèyàn dìde. Adájọ́ jókòó. Bàbá Kọ́sítọ́ọ̀mù, òṣìṣẹ́ ẹnu ibodè tó ti fẹ̀yìn tì, tí òun ni ẹnì kejì Màmá lórí ìjókòó, jókòó. Gbogbo èèyàn jókòó. Màmá wà lóòró.

Adájọ́ ní, "Màmá, ẹ jókòó."

"Ẹ ṣeun, Olúwa mi. Mo fẹ́ dúró díẹ̀."

"Ṣé ẹsẹ̀ ń dùn yín ni?"

"Ẹsẹ̀ mi dáa. Ta ni lọ́yà ọmọ yìí?"

"Kò ní lọ́yà, Màmá. Àwọn èèyàn ẹ̀ ò ní agbára ẹ̀."

"Ta ló wá máa bá a sọ̀rọ̀?"

"Màmá, ọmọ yìí ti gbà pé òun jẹ̀bi."

"Ó gbà. Ta ló dúró tì í nígbà tó ń gbà?"

Adájọ́ náà kì í ṣe èèyàn burúkú. Láti Èkó ló ti ń wá, ó máa ń rẹ̀ ẹ́, ẹjọ́ sì pọ̀ níwájú rẹ̀. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀."

Màmá ní, "Òfin ní ẹni mẹ́ta ló ń jókòó gbọ́ ẹjọ́ ọmọdé. Bí mo bá jókòó, a pé mẹ́ta. Bí mo bá wà lóòró báyìí, ẹ̀yin méjì lẹ jókòó. Mi ò ní jókòó lórí ọ̀rọ̀ ọmọ yìí títí ẹnì kan á fi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀."

Adájọ́ ní, "Ẹ mọ̀ pé mo lè kọ̀wé kí wọ́n yọ yín?"

Màmá ṣí báàgì dúdú. Wọ́n ní, "Bírò wà lọ́wọ́ mi, tí ẹ bá fẹ́ yá a."

Bàbá Kọ́sítọ́ọ̀mù fi áńkáṣíìfù bo ẹnu. Mo rí i pé adájọ́ fúnra rẹ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó gbé e mì. Ó ní, "Ọ̀sẹ̀ kan. Tí mi ò bá rí lọ́yà níbí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, ẹlòmíràn ló máa wà lórí àga yín, a ó sì parí ẹjọ́ yìí." Wọ́n mú Sìdí padà síbi tí wọ́n ti mú un wá. Ìyẹn dun Màmá gan-an. Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ kan tí ọmọ náà tún máa lò níbẹ̀, ọrùn àwọn ló wà.

A jáde, a rìn dé abẹ́ igi àgbálùmọ̀ tó wà lẹ́bàá ọ̀nà. Lójijì, Màmá di èjìká mi mú. Wọ́n ní, "Dúró, Àṣàkẹ́. Ìsinsìnyí lẹsẹ̀ wá ń dùn mí."

Ní ọjọ́ kejì, a bẹ̀rẹ̀ sí í wá lọ́yà káàkiri Ìkòròdú. Lọ́yà àkọ́kọ́ ní Ẹ̀pẹ́ jìnnà. Ẹnì kejì ní ẹjọ́ ilẹ̀ nìkan lòun ń ṣe. N'Íkòròdú ìgbà yẹn, ẹjọ́ ilẹ̀ ni gbogbo wọn ń ṣe. Ní ọ́fíìsì ẹnì kẹta, akọ̀wé rẹ̀ ní, "Ọ̀gá ò sí nílé, mà." Bó ti sọ bẹ́ẹ̀ tán ni ẹnì kan sín gbàràmù nínú yàrá tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Màmá kọjú sí ilẹ̀kùn náà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Wọ́n ní, "Pẹ̀lẹ́ o, ẹni tí kò sí nílé."

Ẹnì kẹrin ni Lọ́yà Káyọ̀dé. Yàrá kan ṣoṣo ni ọ́fíìsì rẹ̀, lókè ibi tí wọ́n ti ń ta táyà, lójú ọ̀nà tí àwọn ọkọ̀ òṣìṣẹ́ ń gbà lọ sí ẹ́sítéètì àwọn ilé iṣẹ́. Ọ̀dọ́ ni, fìlà lọ́yà rẹ̀ ṣì funfun báláú. Màmá jókòó. Wọ́n sọ ohun tí wọ́n bá wá.

Ó ní, "Màmá, mi ò ṣe ẹjọ́ ọmọdé rí. Ilẹ̀ ni mo mọ̀."

"Ilẹ̀ tí o bá pàdánù lẹ́jọ́, ibi tó wà náà ló máa wà. Ọmọ tí a bá pàdánù ńkọ́?"

Ó fọwọ́ ra orí. "Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa dá ẹjọ́ náà. Ṣé ó yẹ kó jẹ́ ẹ̀yin lẹ tún ń wá lọ́yà?"

Màmá ní, "Ìbéèrè tó dáa nìyẹn. Mi ò ní sọ fún ọ pé ó jalè, mi ò sì ní sọ fún ọ pé kò jalè. Mi ò tíì mọ̀. Orúkọ rẹ̀ àti ibi tó wà ni mo mú wá. Lọ bi òun." Wọ́n dìde, ó ku díẹ̀ kí wọ́n jáde, wọ́n yíjú padà. "Màá ṣáà máa wá sókè yìí lójoojúmọ́ títí o fi máa lọ. Àtẹ̀gùn rẹ ga, mo sì ti dàgbà. Rò ó wò."

Ó rò ó. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọkọ̀ kan náà la jọ wọ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́. Màmá jókòó síwájú, wọ́n ní kí Lọ́yà lọ jókòó sẹ́yìn pátápátá, wọn ò sì bá a sọ gbólóhùn kan láti Ìkòròdú títí a fi dé. Nígbà tí a dé Ìtòìkín, wọ́n pín búrẹ́dì fún gbogbo èrò ọkọ̀ kí ó má bàa dà bíi pé lọ́yà nìkan ni wọ́n fún. Lọ́yà ní, "Ẹ ṣeun, Màmá." Màmá kọjú síwájú. Wọ́n ní, "Dírẹ́bà, ẹ sọ fún ọ̀gbẹ́ni ẹ̀yìn yẹn pé mi ò mọ̀ ọ́n."

Lọ́yà Káyọ̀dé ti lọ rí Sìdí lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀ náà. Ohun kan ṣoṣo ló bèèrè lọ́wọ́ kóòtù: kí wọ́n gbé orí ẹ̀rọ náà wá. Ọlọ́pàá méjì ló gbé e wọlé, wọ́n ń rìn gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn ń pariwo pé ẹ̀yìn ń dun òun. Wọ́n gbé e kalẹ̀, ó dún gbì, ilẹ̀ mì dé ibi tí mo wà.

Lọ́yà ní, "Olúwa mi, mo tọrọ kí ọmọ yìí gbé irin yìí, bó ṣe wà nínú ìwé pé ó gbé e lọ́jọ́ náà."

Sìdí bọ́ síwájú. Ó bẹ̀rẹ̀, ó dì í mú, ó fà á. Irin ò mira. Ó yí síbòmíràn, ó fẹsẹ̀ tilẹ̀, ó tún fà á, gèlè orí rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Irin jókòó síbẹ̀ bí ọba. Ó gbójú sókè wo adájọ́, ẹ̀rù ń bà á bíi pé ó ti tún ṣẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ sọ ní kóòtù náà láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú un wá nìyí: "Ó wúwo, sà."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Bàbá Kọ́sítọ́ọ̀mù, àwọn yòókù náà rẹ́rìn-ín. Lọ́yà dúró kó rọlẹ̀. Ó wá bi í jẹ́jẹ́, "Kí ló dé tí o fi sọ fún wọn pé ìwọ lo gbé e?"

Sìdí ní, "Wọ́n ní tí mo bá ti lè sọ bẹ́ẹ̀, màá máa lọ sílé."

Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín mọ́. Adájọ́ bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un nù. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni wọ́n tú ẹjọ́ náà ká, wọ́n ní kí Sìdí máa lọ sílé. Ìyá Sìdí wà lẹ́yìn kóòtù. Lọ́yà ló wá a kàn. Obìnrin náà kò pariwo, kò yí mọ́lẹ̀. Ó kàn mú gèlè ọmọ rẹ̀ nílẹ̀, ó gbọn eruku kúrò lára rẹ̀, ó sì wé e fún un padà.

Mo rò pé Màmá máa kọrin délé. Ó di ẹ̀yìn Ìtòìkín kí wọ́n tó la ẹnu. "Ìbéèrè kan péré ni. Gbogbo wa la ní ẹnu. Kò sí ẹni tó bi í."

Láti ìgbà yẹn lọ̀rọ̀ àwọn lọ́yà ti bẹ̀rẹ̀. Káyọ̀dé sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn náà sọ fún ẹlòmíràn. Kí ọdún tó yí po, wọ́n ti di mẹ́fà tó ń pín ọjọ́ Ìṣẹ́gun láàárín ara wọn, láìgba kọ́bọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni ẹni tó sín lẹ́yìn ilẹ̀kùn lọ́jọ́sí. Màmá lẹ orúkọ wọn mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná, ẹni tó bá sì kàn, wọ́n á fi fóònù pè é ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé. Wọ́n gbà pé fóònù náà kò lè dá gbé ohùn dé ọ̀dọ̀ lọ́yà, nítorí náà wọ́n máa ń pariwo kí ẹni náà lè gbọ́. Tí ó bá di ìparí oṣù, wọ́n á se ìkọ́kọrẹ́ fún gbogbo wọn. Lọ́yà Ńgọ́zí, ọmọ Ígbò tí kò gbọ́ Yorùbá dáadáa nígbà tó kọ́kọ́ dé, ló máa ń fi ìka nu abọ́ jù wọ́n lọ.

Wọn kì í borí gbogbo ẹjọ́. Ọmọ mìíràn wà tó jẹ́ pé lóòótọ́ ló ṣe ohun tí wọ́n ní ó ṣe. Nígbà yẹn, lọ́yà á pe bàbá, á pe ìyá, wọn á wá ọ̀nà tí ọmọ á fi gbé ilé, kí òṣìṣẹ́ ìjọba sì máa wá wò ó. Nígbà mìíràn, ìyẹn náà ò ṣeé ṣe, ọmọ á lọ. Lọ́jọ́ tí ó rí bẹ́ẹ̀ fún Lọ́yà Ńgọ́zí, ó jókòó sínú ilé ìdáná wa, ó ń sunkún pé òun ò wúlò. Màmá bu ìkọ́kọrẹ́ síwájú rẹ̀. Wọ́n ní, "Mi ò ní kí ẹ wá máa bá mi tú ọmọ sílẹ̀. Kí wọ́n gbọ́ tẹnu ọmọ ni. Ṣé wọ́n gbọ́ tẹnu rẹ̀ lónìí?" Ó mirí pé bẹ́ẹ̀ ni. "Jẹun."

Bọ̀dá Múfú á ní n kò sọ àléébù kankan. Màmá ò mọ ẹ̀bẹ̀ bẹ̀. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ ọ́, wọn ò ní sọ pé àwọn jẹ̀bi láéláé. Wọ́n fi ẹ̀sùn rédíò tó bàjẹ́ kàn mí lọ́jọ́ kan. Wọn ò bi mí, wọn ò fún mi ní lọ́yà, àwọn tí wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ewúrẹ́! Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n rí i pé bátìrì ló ti kú. Nígbà tí mo jí ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, àgbàdo sísè mẹ́rin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní mi, ó ṣì ń gbóná. Mo bi wọ́n kí ni ti àgbàdo. Wọ́n ní, "Jẹ ẹ́. Ẹnu mi ò mọ̀ ọ́n sọ, ọwọ́ mi ló mọ̀ ọ́n."

Gbogbo èèyàn rò pé èmi náà á di lọ́yà. Mi ò di lọ́yà. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe bísíkíìtì ni mo wà, n'Íkòròdú níbí, èmi ló ń yẹ̀ ẹ́ wò kó tó jáde. Ẹ̀rù bà mí láti sọ fún Màmá. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n rò ó díẹ̀. Wọ́n ní, "Ó dáa. Báàgì mi náà nílò rẹ̀."

Nígbà tó yá, òfin tuntun lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé dé, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gbọ́ ẹjọ́ àwọn ọmọ yí padà, àkókò Màmá lórí ìjókòó sì parí. Wọ́n fẹ̀yìn tì lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n jókòó sílé bí oṣù mélòó kan, ni wọ́n bá ní kí n mú àwọn lọ sí Ẹ̀pẹ́, àwọn kàn fẹ́ wò ó. A lọ. Adájọ́ tuntun ló wà níbẹ̀, obìnrin. Akọ̀wé tí a mọ̀ ti kúrò. Wọ́n ti pààrọ̀ gíláàsì fèrèsé. Lórí bẹ́ńṣì ìta, àwọn ọmọ mẹ́rin jókòó, àgbàlagbà kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Lọ́yà kan tí a ò rí rí lóṣòó síwájú ọmọ kékeré kan, ó ń fi ọwọ́ ṣàlàyé nǹkan fún un, ọmọ náà sì ń bi í léèrè.

Màmá dúró, wọ́n ń wò wọ́n. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀ débi pé akọ̀wé tuntun, ọmọbìnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n lọ, jáde wá bá wọn. Ó kúnlẹ̀ kí wọn. Kò mọ̀ wọ́n rárá.

Ó ní, "Màmá, ẹ káàbọ̀. Ṣé ẹjọ́ ọmọ yín wà lónìí? Ṣé ẹ ti ní lọ́yà?"

Màmá wò ó. Wọ́n tún wo àwọn ọmọ tó wà lórí bẹ́ńṣì.

Ọmọbìnrin náà rò pé ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Ó di ọwọ́ wọn mú. Ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, mà. Tí ẹ ò bá ní, a máa bá yín wá ọ̀kan."